Ogun ìkẹyìn inú fóònù: Ẹni tí kò bá múra kó tó wọlé, ibẹ̀ ni yóò há sí

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́ kọjá ní Agblangandan nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta tí wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wọn tẹjú mọ́ fóònù kan ṣoṣo. Nígbà míì, wọn kì í pariwo rárá. Ọ̀kan á nawọ́ sí ojú fóònù, èkejì á ní rárá, ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n rọra rò ó dáadáa. Ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á pòṣé, á ní iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bàbá tó ń kọjá lọ á rò pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta.

Lóòótọ́, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù ló ń ta tẹ́tẹ́. Oríṣi géèmù kan wà tí a lè pè ní géèmù ọgbọ́n ogun. Kò sí ìsáré nínú rẹ̀, kò sì sí pé kí ènìyàn kàn máa tẹ fóònù kíkankíkan. Ìrònú ni, ìṣirò ni, ìmúrasílẹ̀ sì ni. Lópin rẹ̀, ọ̀tá kan wà tó le ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ọ̀gá ìkẹyìn ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é.

A kọ ìròyìn yìí nítorí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin oníṣòwò tó jẹ́ pé owó yín ló ra fóònù náà. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ọmọ yín ń bá jà, kí ẹ lè mọ èyí tó yẹ kí ẹ gbà á láàyè láti ṣe àti èyí tó yẹ kí ẹ dá a lẹ́kun rẹ̀.

Géèmù wo là ń sọ?

Èyí tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ń jẹ́ Final Fantasy Tactics. Ilé iṣẹ́ Square ní orílẹ̀-èdè Japan ló gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1997 fún ẹ̀rọ PlayStation. Yasumi Matsuno ló darí iṣẹ́ náà. Ní 2007, wọ́n tún un ṣe fún ẹ̀rọ PSP tí a ń mú lọ́wọ́, wọ́n sì fi The War of the Lions kún orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dà yìí ló wọ inú fóònù iPhone ní 2011, tó sì wọ inú Android ní 2015. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹ̀dà tuntun míì tún jáde fún kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ géèmù òde òní. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé géèmù yìí dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń ta á lọ.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ dé irú rẹ̀. Ní 1990 ni Nintendo ti gbé Fire Emblem jáde. Nínú ìyẹn, ọmọ ogun tó bá kú lójú ìjà ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn irú géèmù yìí ti mọ̀ pé ẹ̀mí ẹni tí wọ́n ń darí ṣe iyebíye.

Ìtàn inú Final Fantasy Tactics kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa. Ọba wàjà, àrólé rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn ìjòyè ńlá méjì wá ń du ipò adelé, wọ́n sì fi ogun tú ìlú ká. Ẹni tí a ó máa darí ni Ramza, ọmọ ilé ọlọ́lá kan tó kẹ̀yìn sí ìwà àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Delita, ọmọ tálákà tí ilé náà tọ́ dàgbà. Bí ìtàn ṣe ń lọ, Ramza rí i pé àwọn kan wà lẹ́yìn ogun náà tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń kú jí ẹ̀mí burúkú kan dìde. Ultima ni orúkọ ẹ̀mí náà. Òun ni ọ̀gá ìkẹyìn.

Bí wọ́n ṣe ń jà

Pápá ìjà náà pín sí ojú-ojú bíi ti ọpọ́n dráfù, àmọ́ òkè, àtẹ̀gùn, odò àti òrùlé ilé wà lórí rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni ẹni tó ń ta á sábà máa ń kó wọ ìjà. Ẹni tó bá yára jù ló máa ń kọ́kọ́ jà, ìgbà tirẹ̀ á sì tún tètè yí kàn án. Tafàtafà tó bá wà lókè á ta ọfà rẹ̀ jìnnà ju ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ. Ó rọrùn láti gbá ènìyàn láti ẹ̀yìn ju láti iwájú lọ. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn dúró sí àti ibi tó kọjú sí ṣe pàtàkì bí idà ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ ogun tó bá ṣubú kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan á yọ lórí rẹ̀: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Bí ìgbà tirẹ̀ bá ṣe ń yí kàn án, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà náà á máa dín kù. Bí ó bá tán tí ẹnikẹ́ni kò fún un ní oògùn tó ń jí ẹni tó ṣubú, ó ti lọ pátápátá nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ Ramza fúnra rẹ̀ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, eré parí.

Ìmúrasílẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́, oògùn, àti ẹni tí a kò fojú sí

Kò sí ẹni tó ń dédé bá Ultima jà. Ó lè gba ènìyàn ní nǹkan bíi wákàtí 40 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà sì jẹ́ ìmúrasílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ kíkọ́. Gbogbo ọmọ ogun tuntun bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ méjì péré: ọmọ ogun kékeré, tàbí olóògùn. Ẹni tó bá kọ́ ti ọmọ ogun kékeré dé ìwọ̀n kan á lè di ajagun tó wọ ìhámọ́ra irin, tàbí tafàtafà. Ẹni tó bá kọ́ ti olóògùn á lè di ẹni tó ń wo ọgbẹ́ sàn, tàbí ẹni tó ń fi iná, yìnyín àti àrá jà. Láti ibẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ yòókù ti ń ṣí sílẹ̀. Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn bá kọ́ nídìí iṣẹ́ kan, ó lè gbé e lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Ajagun onídà lè mọ oògùn lílò. Olóògùn lè mọ bí a ṣe ń sá fún ọfà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rí, tí ẹ wá fi ohun tí ẹ rí níbẹ̀ ṣòwò mìíràn lẹ́yìn tí ẹ gba òmìnira, ọ̀rọ̀ yìí yé yín.

Èkejì ni oògùn. Ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ń ta géèmù yìí máa ń kó gbogbo owó rẹ̀ lé idà tó ń dán. Àwọn tó ti gbọ́n nídìí rẹ̀ máa ń ra oògùn pamọ́. Ohun kan wà tí olóògùn lè kọ́, tó jẹ́ pé bí ọ̀tá bá ti gbá a, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí oògùn fúnra rẹ̀, á sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Kò gbayì lójú bíi ti idà. Ṣùgbọ́n nínú ìjà gígùn, ẹni tó ní in ló máa ń dúró pẹ́. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tó máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún àjọ. Ẹnikẹ́ni kì í rí i títí di ọjọ́ tí nǹkan bá le.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a má gbójú lé ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ìtàn bá ń lọ sópin, àgbà jagunjagun kan tó ń jẹ́ Orlandeau á dara pọ̀ mọ́ Ramza. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé òun nìkan lè ṣẹ́gun púpọ̀ nínú àwọn ìjà yòókù. Àwọn kan á wá pa àwọn ọmọ ogun wọn tó kù tì, wọn kò ní kọ́ wọn níṣẹ́ mọ́. Bí baba àgbà yìí bá wá ṣubú lọ́jọ́ ìjà, kò sí ẹni tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jí i dìde. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló mọ iye ọjà àti orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà dúró nìyẹn.

Ilẹ̀kùn tí kì í ṣí padà

Ibi tó ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ nínú jẹ́ nìyí. Nínú géèmù yìí, ènìyàn lè tọ́jú ibi tó dé, kó lè padà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́la. Nígbà míì, ìjà máa ń tẹ̀ lé ìjà láìsí àyè láti padà sọ́jà. Ààfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Riovanes, tí gbogbo ẹni tó ti ta géèmù náà mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ìjà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ léraléra. Nínú èkejì, Ramza nìkan ló máa dojú kọ ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Wiegraf, láìsí ẹnikẹ́ni tó lè ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá borí rẹ̀, Wiegraf á para dà di ẹbọra, ìgbà náà ni àwọn yòókù á tó lè wọlé.

Nínú ẹ̀dà àtijọ́ àti ti orí fóònù, ẹni tó bá tọ́jú ibi tó dé láàárín àwọn ìjà wọ̀nyí, tí kò sì ní ibòmíràn tó ti tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti há. Kò lè jáde lọ ra oògùn. Kò lè kọ́ Ramza níṣẹ́ tuntun tó máa gbà á là. Bí Ramza rẹ̀ kò bá lágbára tó, gbogbo wákàtí tó ti lò nídìí rẹ̀ ti wọgbó, àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Ultima náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn onísìn kan tó ń jẹ́ Orbonne ni wọ́n ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà àbọ̀ á dí. Kò sí ọjà mọ́, kò sí ilé, kò sí ibi ìsinmi. Ìjà á máa wọ́ tẹ̀ lé ìjà títí dé iwájú ọ̀gá ìkẹyìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi máa ń tọ́jú ibi tí wọ́n dé sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan níta kí wọ́n tó wọlé, ọ̀kan nínú.

Àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà Sèmè-Kraké, a mọ ohun tó ń jẹ́ ilẹ̀kùn tó tì lójijì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó tún ṣí ti Sèmè. Láàárín ìgbà náà, ọjà tó lè bàjẹ́ bàjẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, owó àwọn kan sì há sí òdìkejì. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ọjà kan tó ń gba ọ̀nà kan lọ bá oníbàárà kan kò rí ibi yà sí. Ẹni tó ní oníbàárà díẹ̀ ní Dantokpa tàbí ní Àjàṣẹ́ rí nǹkan dì mú. Kò sí ọmọdé tó ta géèmù yìí dáadáa tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní yé bí ẹ bá là á fún un lọ́nà yìí.

Ọjọ́ ìjà

Kí Ultima tó yọjú, ìránṣẹ́ rẹ̀ kan á kọ́kọ́ dúró lọ́nà. Hashmal ni wọ́n ń pè é, ó sì gbé àwọ̀ kìnnìún wọ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ rúbọ kí Ultima lè dìde. Ultima á jí, á bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹni tó bá ti lo gbogbo oògùn rẹ̀ lórí ìránṣẹ́, kí ni yóò fi bá ọ̀gá jà?

Agbára Ultima máa ń bo ojú ilẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta máa ń ṣe ni kí wọ́n tú ká. Bí márààrún bá dúró sójú kan, ẹẹ̀kan ṣoṣo ló máa gbá gbogbo wọn. Ẹni tó ń wo ọgbẹ́ sàn á dúró jìnnà díẹ̀, kì í ṣe jìnnà jù, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó àwọn yòókù. Ẹni tó yára á lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Ẹni tó fẹ́ fi àrá tàbí iná ńlá jà gbọ́dọ̀ rántí pé irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń gba àkókò kó tó balẹ̀. Nígbà tó bá fi máa balẹ̀, ọ̀tá lè ti kúrò níbẹ̀.

Bí wọ́n bá wá ṣẹ́gun Ultima, kò tíì tán. Á para dà, á gbé àwọ̀ mìíràn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wọ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú àárẹ̀ tó wà lára àwọn ọmọ ogun. Ibẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ti ń fi pamọ́ látìgbà yìí á ti wúlò. Ibẹ̀ ni ẹni tí wọn kò fojú sí tẹ́lẹ̀, olóògùn jẹ́jẹ́ yẹn, á ti di ẹni tí gbogbo wọn ń wò lójú.

Ayò ti kọ́ wa kí fóònù tó dé

Àwọn bàbá wa kò ní fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọpọ́n ayò. Àwọn Gun àti Fọn ń pe tiwọn ní adji. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. Òpè á máa jẹ ẹyọ méjì-méjì tó bá ti rí i. Ọ̀ta á máa kó ọmọ ayò jọ sójú kan díẹ̀díẹ̀ títí á fi di odù, á sì dúró de ìgbà tí yóò gbé odù náà yí ọpọ́n ká. Ohun kan náà ni ọmọ tó ń tọ́jú agbára àti oògùn rẹ̀ de Ultima ń ṣe.

Wellington Jighere tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà náà fi irú ọgbọ́n yìí gba ife àgbáyé nínú eré Scrabble ní Perth, orílẹ̀-èdè Australia, ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Nínú àṣekágbá, ó na Lewis Mackay, ọmọ England, ní 4 sí 0, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Ohun tí ayé fi mọ àwọn aṣojú Nàìjíríà ni pé wọn kì í fìgbà gbogbo sáré lo ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké dáadáa, wọ́n sì ń fi wọ́n dí ojú ọpọ́n mọ́ alátakò, kí lẹ́tà tó dára lè kù sọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n tó dé Perth ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ta ni wọ́n máa ń rántí?

Ìparí ìtàn Ramza máa ń dun àwọn tó ta á dé òpin. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ja ìjà tó gba ilẹ̀ náà là, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti jà á, ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ti kéde rẹ̀ ní aládàámọ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn. Delita ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gorí oyè, tí gbogbo ayé ń yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni akọ̀tàn kan tó wá tú òótọ́ síta.

Ìbéèrè yìí kan àwa náà. Mélòó nínú àwọn ìyá tó gbé ilé ró nígbà tí ẹnubodè tì ni wọ́n kọ orúkọ wọn síbì kan? Àwọn ìtàn tiwa náà tó ohun tí a lè fi ṣe géèmù. Ní Cameroon, ilé iṣẹ́ Kiro'o Games tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ ní ìlú Yaoundé ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2016, wọ́n gbé Aurion jáde, géèmù tó dá lórí ọmọ aládé kan tó ń wá ọ̀nà láti gba ìtẹ́ rẹ̀ padà, tí wọ́n sì fi àṣà ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ọ̀ṣọ́ fún. Ìjà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ramza, nítorí pé eré sísá àti ọwọ́ yíyá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọmọ tó ń ta géèmù lónìí lè di ẹni tó ń ṣe é lọ́la.

Ohun tó kù sọ́wọ́ òbí

Èyí kò ní kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi gbogbo òru tẹ fóònù. Wákàtí 40 kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá kó o sórí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ á bàjẹ́. Bí wọ́n bá pín in sórí oṣù mẹ́ta, kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lóòjọ́. Ìpànìyàn àti ìdàlẹ̀ tún wà nínú ìtàn náà, kò yẹ ọmọ kékeré. Nípa owó, ẹ bèèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń ra Final Fantasy Tactics orí fóònù. Àwọn géèmù míì wà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fa ọmọ mọ́ra, kí wọ́n tó wá máa bèèrè owó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí fóònù tí ẹ fi ń gba owó ọjà bá jẹ́ ọ̀kan náà tí ọmọ fi ń ta géèmù, ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí owó yín hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ọ̀gá ìkẹyìn tó ń lọ bá? Kí ló ti kó pamọ́ de ọjọ́ náà? Bí ilẹ̀kùn bá tì lẹ́yìn rẹ̀, níbo ló lè padà sí? Bí ó bá lè dáhùn, a jẹ́ pé ó ń ronú. Ẹ fún un ní ìwé ọjà ṣọ́ọ̀bù yín, kí ó fi orí kan náà bá yín ṣírò ohun tó kù àti ohun tó yẹ kí ẹ rà kí òjò tó dé. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó gbé fóònù sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ayò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà.